Bí Ẹ Ṣe Lè Wọ Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Dúró Ti Ọmọ Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ọmọ ọdún méje kan bi mí léèrè ní iléèwé lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé Lagos jìnnà ju ibi tí Dádì mi lọ?" Wọ́n ti sọ fún un nílé pé bàbá rẹ̀ rin ìrìnàjò. Bàbá náà ti kú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, wọ́n ti sin ín, ọmọ náà kò sì sí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí wọ́n bá ti rí i. Olùrànlọ́wọ́ ní kíláàsì ni mí nígbà náà, n kò sì mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló sún mi dé ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ júwe fún yín yìí.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ social work, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ lábẹ́ council, ẹ̀yin tí ẹ ń darí ìjọ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí ẹ ń kọ́ wọn ní kéwú ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bó bá jẹ́ ilé tiyín gan-an ni ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù, àmọ́ ibí yìí kọ́ ni kí ẹ ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ lọ bá àwọn tó ń jókòó ti ọmọ fúnra wọn: Winston's Wish, Child Bereavement UK, hospice tó sún mọ́ yín (ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìwòsàn mọ́), dókítà yín, tàbí iléèwé ọmọ náà. Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ kì í rí ọmọ. Àwọn tó ń rí ọmọ ló ń kó jọ.

Orúkọ rẹ̀ ni Childhood Bereavement Network. 1998 ló bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ òrùlé National Children's Bureau ní London. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ nílẹ̀ nígbà yẹn. Winston's Wish bẹ̀rẹ̀ ní Gloucestershire ní 1992, Child Bereavement UK tẹ̀ lé e ní 1994, kálukú sì ń dá tirẹ̀ ṣe. Ẹgbẹ́ yìí ló wá ń so wọ́n pọ̀ mọ́ hospice àti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, tó ń kọ ìlànà iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ọmọ. Ìṣirò tí wọ́n máa ń lò ni pé nínú ọmọ 29 tó wà láàárín ọdún 5 sí 16, ọ̀kan ti pàdánù bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ẹ ka iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan, ẹ óò rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ọ̀fọ̀ kò dé.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, National Alliance for Children's Grief ni tiyín. Ó ti wà láti 2004. Dougy Center tó wà ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ṣáájú rẹ̀, 1982 ni tiwọn. Ìwé tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín yàtọ̀ sí tiwa, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹnu wa kò yàtọ̀ níbì kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀

Ẹ mú bébà kan. Ẹ má tíì wá fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: ọmọ ọdún mélòó ni mò ń rí? Níbo? Ta ló ń mú wọn wá? Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó? Bí ọmọ bá sọ ohun tó kọjá agbára mi, ta ni mò ń pè? Bí ẹ kò bá rí èsì sí ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ dúró ná. Ẹ ní iṣẹ́ láti ṣe kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Àwọn kan á wò ó pé àwọn kò ṣe nǹkan kan. Màmá kan tó ń darí ìjọ ọmọdé sọ fún mi pé, "Àdúrà lásán ni mò ń bá wọn gbà o." Nígbà tí a jọ kọ ọ́ sílẹ̀, ó hàn pé láàárín ọdún mẹ́ta, Màmá ti dúró ti ọmọ márùn-ún, wọ́n ti bá wọn lọ síbi ìsìnkú, wọ́n ti pe iléèwé wọn, wọ́n sì ń rántí ọjọ́ tí òbí kọ̀ọ̀kan kú nígbà tí gbogbo ìjọ ti gbàgbé. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àwọn mìíràn sì wà tí ọkàn wọn fà sí i ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì jókòó ti ọmọ kankan rí. Irú wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yọ̀ǹda ara wọn fún hospice àdúgbò tàbí Cruse, èyí tó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn opó ní 1959 kó tó di ti gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọ́n á dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Bí ojú ọgbẹ́ tiyín náà kò bá tíì jiná, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n lè ní kí ẹ sinmi ná, kì í ṣe pé wọ́n lé yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé

Irú ẹgbẹ́ báyìí sábà máa ń gba ilé iṣẹ́ wọlé lọ́tọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí iléèwé tàbí ilé ìwòsàn yín bá ti wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé àǹfààní rẹ̀ ti kàn yín láìmọ̀, nítorí náà ẹ bi ọ̀gá yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Iye owó a máa yí padà; orí ìkànnì wọn ni kí ẹ ti wò ó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe nínú ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò sí ajẹ́ńtì nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é kíákíá, ẹ gbé owó yín sápò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé

Iléèwé tàbí ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ máa jókòó ti ọmọ láìsí ìwé DBS, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti dáràn rí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní enhanced. Àwọn àgbà wa ṣì ń pè é ní CRB, àmọ́ láti 2012 ló ti di DBS. England àti Wales ló wà fún; PVG ni wọ́n ń lò ní Scotland, AccessNI ni ti Northern Ireland. Ilé iṣẹ́ tàbí ìjọ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ ni yóò bá yín béèrè rẹ̀. DBS kì í gba owó lórí olùyọ̀ǹda ara ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wọn ṣe ètò rẹ̀ lè gba owó iṣẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí tèmi dé, mo fi sínú àpótí, mo bá tèmi lọ. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Update Service, òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè lo ìwé kan ṣoṣo níbi iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó bá jọra. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún èèyàn láti wọ̀ ọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé náà. Ìgbà tí mo rántí, ọjọ́ ti lé. Mo tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí àdírẹ́sì ọdún márùn-ún, títí kan yàrá tí mo fi oṣù méjì gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tí ìwé yín bá dé ni kí ẹ wọ̀ ọ́.

DBS kò lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá tíì pẹ́ níbí, wọ́n lè béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà, èyí tí àwọn ará Lagos mọ̀ sí ti Alagbon. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ku ìwé ìlànà ààbò ọmọ. Ojú ewé kan péré lè tó fún ẹgbẹ́ kékeré, bó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lọ bá, tó sì sọ ohun tí ẹ óò ṣe bí ọmọ bá tú àṣírí fún yín. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún ọmọ kankan pé ẹ kò ní sọ. Bí ẹ bá ń tọ́jú orúkọ àti ìtàn àwọn ọmọ sórí fóònù, òfin dátà kàn yín. Ìkànnì ICO, àjọ tó ń mójú tó òfin náà, ní àwọn ìbéèrè kúkúrú tí yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ìtàn ọmọ kò sì gbọdọ̀ dé orí WhatsApp ìjọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ àdúrà ni. Síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹnu wa

Kò sí fọ́ọ̀mù tó máa béèrè èyí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ òun ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì jù.

Ìlànà àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé kí á sọ fún ọmọ, ní ọ̀rọ̀ tó lè yé e, pé ẹni náà kú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an: ó kú. Yorùbá kì í fẹ́ là á báyẹn. Ọba wàjà. Àgbà papò dà. Bàbá ti re ibi àgbà ń rè. Ìyá ti sùn nínú Olúwa. Èdè iyì ni, àgbà tó sì gbọ́ ọ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní ìyá rẹ̀ sùn, òun náà lè máa bẹ̀rù oorun. Bí ẹ bá ní bàbá rẹ̀ rìnrìnàjò, yóò máa retí rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò máa bínú pé kò tilẹ̀ pe fóònù. Bí ẹ bá ní Ọlọ́run fẹ́ràn wọn ló ṣe mú wọn lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí Ọlọ́run má fẹ́ràn màmá tó kù.

Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà lè má tíì lóye pé ẹni tó kú kì í padà. Á béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́. Ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí èsì má sì yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ òkú, ṣé ó ń tutù, ṣé ó ń gbọ́. Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè má sọ nǹkan kan, kó kàn máa wọ jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ óò gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ níbí ń fi omi òjò ṣàpèjúwe: àgbàlagbà tó ń ṣọ̀fọ̀ dà bí ẹni tó wọ odò, ọmọdé dà bí ẹni tó fò sínú kòtò omi òjò tó tún fò jáde. Ó sunkún nísinsìnyí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ẹbí á ní, "Ọmọdé ni jàre, kò mọ nǹkan kan." Ó mọ̀.

Nílé wa, ijó ni òkú àgbà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni òkú ọ̀dọ́. Bí ọmọ ọdún méjìdínlógójì bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í ṣe ayẹyẹ, àwọn òbí rẹ̀ pàápàá kì í dé ibojì rẹ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ọmọ tirẹ̀ ń gbé. N kò ní kí ẹ lọ bá àṣà jà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bá àgbà ilé sọ̀rọ̀ kí n tó bá ọmọ. Màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ti sọ fún un? Kí lẹ fẹ́ kí n sọ bó bá bi mí?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn sọ ọ́. Ìyá àgbà kan dá mi lóhùn pé, "Ìwọ sọ ọ́. Èmi á di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Ibí ni ẹ ti wúlò fún ẹgbẹ́ náà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òyìnbó tí mo bá ṣiṣẹ́ gbọ́ tí ọmọ kan sọ pé ìyá ìyá òun kú, ó sì ti padà wá, àbúrò òun ni. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò tíì gbà pé ikú ṣẹlẹ̀. Mo ní kó dúró: Yétúndé ni orúkọ àbúrò rẹ̀. Ìbéèrè tó ń jẹ ọmọ náà lọ́kàn yàtọ̀ pátápátá. Bí Grandma bá lè padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun, ìgbà wo ni Dádì ń bọ̀, ta ni yóò sì bí i? Ẹni tí kò mọ ohun tí Yétúndé túmọ̀ sí kò lè gbọ́ ìbéèrè yẹn, ká tó wá sọ ti èsì.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àṣà parí sí. Bí wọ́n bá ń sọ pé ọmọ ló pa ìyá rẹ̀, pé àjẹ́ ni, tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún ìdáǹdè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́. Ẹ pe council lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá bí ewu bá ti dé tán. Victoria Climbié wá láti Ivory Coast, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó kú ní London ní 2000. Wọ́n ti gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ̀mí burúkú ló wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ikú rẹ̀ wà lára ohun tó bí òfin Children Act 2004.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹni tí yóò máa gbọ́ tiyín

Ẹ gbọ́dọ̀ ní alábòójútó, ìyẹn ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí ẹ óò máa bá jókòó déédéé láti sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Kì í ṣe ọ̀gá tó ń wo aago yín. Pásítọ̀ yín kọ́, ọkọ tàbí ìyàwó yín kọ́. Bí iléèwé yín kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ bi hospice àdúgbò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fọ́ọ̀mù

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé: "Mo ní ìfẹ́ àwọn ọmọ gidigidi, Ọlọ́run sì ti fi àánú sí mi lọ́kàn." Olùkọ́ kan tí mo fi hàn rẹ́rìn-ín, ó ní ìjẹ́rìí ni mo kọ, ta ni yóò ṣe "Hallelúyà"? Mo fà á ya, mo kọ òmíràn: pé mò ń pàdé ọmọ mẹ́fà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 11, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé igbákejì ọ̀gá iléèwé ló ń yàn wọ́n pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí, pé mò ń rí alábòójútó mi lóṣooṣù. Gbólóhùn mẹ́ta. Bébà tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní ti ṣe iṣẹ́ náà fún yín.

Wọn yóò tún fi ohun tí wọ́n gbà gbọ́ hàn yín, pé gbogbo ọmọ àti àwọn tó ń tọ́jú wọn ló ní ẹ̀tọ́ sí ìsọfúnni, ìtọ́sọ́nà àti ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ikú bá dé. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìsọfúnni ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ẹni tó bá sì gbà pé kí á fi ikú pa mọ́ fún ọmọ kò tíì gba ohun tó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé

Ẹ máa ka lẹ́tà ímeèlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. N kì í kà á tẹ́lẹ̀, títí tí mo fi rí ohun kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Owó kan wà tí ìjọba ń san fún ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ bá kú, Bereavement Support Payment. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017: £3,500 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà £350 lóṣù fún oṣù 18, fún ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí Child Benefit, bí ẹni tó kú bá ti san National Insurance tó. Tọkọtaya tó ṣègbéyàwó lófin nìkan ló wà fún tẹ́lẹ̀. Siobhan McLaughlin ti Northern Ireland, tó ní ọmọ mẹ́rin fún ọkùnrin tí wọn kò ṣègbéyàwó, gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ó sì jàre ní 2018. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tó ń ta ko òfin náà, títí tí wọ́n fi yí i padà ní February 2023, tó wá kan àwọn tó jọ ń gbé tí wọ́n sì ní ọmọ. Mélòó nínú wa ló ṣe ìdána tí wọn kò dé registry? Ẹ sọ fún opó tí ẹ bá mọ̀ pé kó béèrè rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta kó má bàa pàdánù lára owó náà.

Ẹ lọ sí ìpàdé àdúgbò yín. Oṣù November ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìgbà yẹn dára láti kọ́kọ́ yọjú. Ẹ má ṣe jókòó sẹ́yìn bí àlejò. Ẹ sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì mú ìbéèrè kan dání.

Ìbéèrè tí èmi mú lọ ni ti ọmọ ọdún méje yẹn. Ìyá rẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún un nígbà yẹn, ó sì ń fẹ́ rí ibojì bàbá rẹ̀, tó wà nínú àgbàlá ilé wọn ní Ìjẹ̀bú. Nọ́ọ̀sì kan láti hospice ní ṣé kò sí ẹni tó lè yà á sí fídíò. Àbúrò bàbá rẹ̀ yà á lọ́jọ́ Sátidé, ó rìn láti ẹnu géètì dé ibẹ̀ kí ọmọ lè rí ọ̀nà. Ọmọ náà wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹta ló bi wá pé, ta ló ni ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì òun.